Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Àìsàn Lórúkọ

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan tó wọ ọ́fíìsì olùgbaninímọ̀ràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan n'Íbàdàn. Ó jókòó sí etí àga, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Kí ló gbé yín wá o?" Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Orí mi ni. Ó ń gbóná. Ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Àyà mi a sì máa já ṣáá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá bàbá àwọn ọmọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni oorun ti dá mi sílẹ̀." Kò sọ pé inú òun bàjẹ́. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó máa ń ronú ni, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀: "Ta ni kì í ronú nílùú yìí, mà?"

Obìnrin báyìí ti lè gba ojúlé mẹ́rin kọjá kó tó débẹ̀. Wòlíì ti lè sọ fún un pé ọfà ayé ni. Oníṣègùn àdúgbò ti lè sọ pé ọdẹ orí ni. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ti lè wọn ìfúnpá rẹ̀, kó sì fún un lóògùn ibà lọ sílé. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ti lè wo fóònù, kó ní, "Mọ́mì, depression ni." Orúkọ mẹ́rin ló ti gbà, oorun kò sì tíì padà wá.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ ẹni karùn-ún. Ṣé ó yẹ kí òun náà sọ ọ́ lórúkọ? Bí yóò bá sọ ọ́, nígbà wo? Kí sì ni orúkọ náà yóò ṣe fún obìnrin tó di báàgì mú yìí? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ti tọ ọ̀rọ̀ yìí láti Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, títí dé New York, ibi tí mo sì bá a dé ni pé ó di dandan kí olùgbaninímọ̀ràn mọ àìsàn ọpọlọ dunjú, ṣùgbọ́n orúkọ àìsàn ni ohun tó yẹ kó kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀, kò sì yẹ kó dá nìkan sọ ọ́.

Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn kò bá ọ̀nà àìsàn wọ ilẹ̀ wa rárá. Ní 1959, àwọn sístà Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde kò mọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Wọ́n pe àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ oríṣiríṣi láàárín ìlú pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Nínú àwọn 60 tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, 54 ló rí iṣẹ́. Irúgbìn yẹn ló dàgbà títí àwọn olùgbaninímọ̀ràn fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1976. Ìdí tí mo fi ń rántí ìtàn yìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nílé ẹ̀kọ́ wa, bí a ṣe lè yan iṣẹ́, bí a ṣe lè kàwé, àti bí a ṣe lè parí ìjà ni wọ́n kọ́ wọn jù. Àmọ́ ọmọ tó wọlé lónìí nítorí pé kò lè kàwé mọ́, ó lè jẹ́ pé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́.

Àwọn tí irú nǹkan yìí ń bá jà kò kéré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí láti ilé dé ilé ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 12 ló ti ní àìsàn ọpọlọ kan rí láyé wọn, bíi 6 sì ní i láàárín oṣù 12 tó ṣáájú ìwádìí náà. Àwọn olùwádìí náà gbà pé iye yẹn lè kéré sí òótọ́, torí àwọn èèyàn máa ń fi í pamọ́. Ẹ wá fi í wé iye dókítà: àwọn dókítà ọpọlọ fúnra wọn ń pariwo pé àwọn kò tó 300 ní Nàìjíríà, láàárín èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ọ̀nà olùgbaninímọ̀ràn, tàbí ti pásítọ̀, fi jẹ́ ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ yóò kàn.

Òfin wa kò sì ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Títí di oṣù Kìn-ín-ní 2023, òfin wèrè ti 1958 la fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1916. Bí wọ́n ṣe ń ti èèyàn mọ́lé ló jẹ ẹ́ lógún ju bí wọ́n ṣe ń wò ó sàn. Oṣù yẹn ni Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, fọwọ́ sí òfin tuntun tó mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ aláìsàn.

Àwọn ará ilẹ̀ mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Ní Britain, olùgbaninímọ̀ràn kì í sábà sọ àìsàn lórúkọ, dókítà ló ń ṣe ìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà kí olùgbaninímọ̀ràn tó ní ìwé àṣẹ sọ ọ́, owó sì ti bá ibẹ̀ wọlé: ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í sábà sanwó ìjókòó bí kò bá sí nọ́ńbà àìsàn lórí fọ́ọ̀mù. Nítorí náà àwọn kan a máa wá orúkọ tó fúyẹ́ jù lọ, irú èyí tó kàn ń sọ pé ìyípadà ayé ló da èèyàn láàmú, kí owó lè wọlé kí orúkọ má sì ba ẹni náà jẹ́. Àánú ló ń ṣe wọ́n, mo mọ̀. Síbẹ̀, orúkọ tí a fi gba owó kì í ṣe àyẹ̀wò, inú fáìlì ni yóò sì wà bí ẹni náà bá tilẹ̀ ti gbàgbé ìjókòó ọ̀hún.

Níbo gan-an ni orúkọ ti ń wá? Ìwé méjì ló wà. DSM ni ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà, ó sì kọ́kọ́ jáde ní 1952. ICD ni ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹ̀dà rẹ̀ kọkànlá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 2022. Ìwé tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n ènìyàn ló kọ wọ́n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Ní 2022, DSM fi àìsàn kan kún ti tẹ́lẹ̀, èyí tó jẹ mọ́ ọ̀fọ̀ tí kò lọ, ó sì ní ó gbọ́dọ̀ pé oṣù 12 kí wọ́n tó lè pè é bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. ICD ti ní irú rẹ̀, oṣù 6 ló sì béèrè. Opó kan náà tí ọkọ rẹ̀ kú lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn lè jẹ́ aláìsàn nínú ìwé kan, kó sì jẹ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú èkejì. ICD fúnra rẹ̀ ní ká wo àṣà ẹni náà kí a tó sọ pé ọ̀fọ̀ ti kọjá àlà. Ẹni tí kò mọ iye ìgbà tí wọ́n fi ń ṣe opó nílé ọkọ obìnrin náà, tí kò béèrè bóyá àwọn ẹbí ọkọ ti kó ẹrù jáde tàbí wọ́n ti lé e kúrò nínú ilé, kí ni yóò fi wọn ọ̀fọ̀ rẹ̀?

Àwọn dókítà pàápàá kì í fẹnu kò nígbà gbogbo. Láàárín 1960 sí 1970, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn dókítà New York ń sọ pé skizofrenia, àìsàn ọpọlọ ńlá kan, ló ń ṣe aláìsàn ju àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí kan náà lo ìbéèrè kan náà fún aláìsàn ìlú méjèèjì, púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1972. Ara àwọn dókítà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà wà, kò sí lára aláìsàn. Wọ́n tún ìwé ṣe lẹ́yìn náà kí irú rẹ̀ má bàa wáyé mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń dán DSM tó jáde ní 2013 wò, tí dókítà méjì ń dá yẹ ẹnì kan náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òǹkà ìfohùnṣọ̀kan wọn lórí ìsoríkọ́, ìyẹn depression, kò ju 0.28 lọ, ti àníyàn tó pọ̀ jù sì jẹ́ 0.20. Nínú òǹkà yìí, 1 ni pé wọ́n fẹnu kò pátápátá. 0 ni pé bí ẹni ń ju kọ́bọ̀ sókè ni. Ti àìsàn tí ẹ̀rù ńlá máa ń fi sílẹ̀ lára èèyàn ló ṣe dáadáa, ó dé 0.67. Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ yìí ni o. Ẹni tó wá gba ìwé ẹ̀rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó ń dá orúkọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn baba wa náà ní ìwé tiwọn, orí ni wọ́n kàn kọ ọ́ sí. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro ní nǹkan bí 1960, jókòó ti àwọn oníṣègùn, ó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Wọ́n sọ fún un nípa wèrè aláṣọ, ẹni tó ṣì ń wọṣọ, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí ará ilé nìkan mọ̀ pé nǹkan ti yí. Wọ́n sọ nípa wèrè ìran, tó ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Wọ́n sọ nípa abísínwín, obìnrin tí orí rẹ̀ dà rú lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n ya dìndìnrìn sọ́tọ̀, wọ́n sì ya wárápá sọ́tọ̀. Ẹ fi í wé ìwé òyìnbó, ẹ ó rí i pé wọn kò jìnnà síra: ọ̀kan wo ohun tó fà á, ọ̀kan wo ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan wo bó ṣe le tó.

Ohun tí ìwé àwọn baba wa kò ní ni orúkọ kan ṣoṣo fún ohun tí a wá ń pè ní ìsoríkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell kó àwọn èèyàn wọn jáde sí àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, ìwé wọn sì jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ará abúlé mọ gbogbo àmì rẹ̀: ẹkún, àìjẹun, àìsùn, kí nǹkan tó ń wu èèyàn tẹ́lẹ̀ má wù ú mọ́. Wọn kò kàn di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ẹrù kan kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Àìsàn náà wà láàárín wa. Ìdì ẹrù rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ìyẹn mú mi padà sọ́dọ̀ obìnrin tí orí rẹ̀ ń gbóná. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá ti Ilé-Ifẹ̀ kọ̀wé lórí ọdẹ orí ní 1987. Àwọn tó yẹ̀ wò ń sọ pé nǹkan ń rìn lórí wọn, pé ooru ń mú orí wọn, pé àyà wọn ń já, oorun kò sì sí. Nígbà tó fi ìwé àwọn dókítà wò wọ́n, ìsoríkọ́ àti àníyàn ló pọ̀ láàárín wọn. Prince náà ti rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1960: ọmọ tó ṣí ìwé, tí orí rẹ̀ ń ta, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ohun tó kà kò dúró. Ó pè é ní brain fag, torí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é nìyẹn. Orúkọ yẹn wọ inú DSM 1994 gẹ́gẹ́ bí àìsàn tiwa níhìn-ín. Nígbà tí ẹ̀dà 2013 fi máa jáde, kò dá dúró mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ "nǹkan ń rìn lórí mi", tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wèrè ni, ti ṣìnà. Ẹni tó gbọ́ ọ, tó ní kò sí nǹkan kan, ẹ lọ sinmi, ti ṣìnà jù ú lọ.

Ẹ̀sìn ni ibòmíràn tí mo ti rí i pé ìwé nìkan kò tó. Nínú ìjọ aládùúrà, kí èèyàn gbọ́ ohùn kí ó sì bọ́ sínú ẹ̀mí kì í ṣe àìsàn. Iṣẹ́ ìsìn Sunday ni. Opó tó ní òun gbọ́ tí ọkọ òun pe òun láàárọ̀ kùtù kò ya wèrè. Báwo la ṣe wá ń mọ èyí tó jẹ́ àìsàn? Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é la máa bi. Bí àwọn aríran ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní, "Tiẹ̀ ti kọjá tiwa, kì í sùn, kì í wẹ̀, ó ń bú gbogbo èèyàn," àwọn ló ṣe àyẹ̀wò fún wa yẹn. A óò tún béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ohùn náà ń pàṣẹ pé kó pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára.

Ìbéèrè tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé wúlò, bí a bá mọ ohun tó wà fún. PHQ-9 ni ọ̀pọ̀ ń lò: ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 3, àròpọ̀ rẹ̀ kò kọjá 27, bó bá sì ti dé 10 ká fura sí ìsoríkọ́. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Adewuya àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ní 2006, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé lò. Ṣùgbọ́n asẹ́ ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ó ń béèrè nípa oorun, rírẹ̀, àti oúnjẹ. Ibà a máa fi máàkì sí i, oyún a máa fi sí i, àtọ̀gbẹ a máa fi sí i, ooru alẹ́ tí kò sí iná náà a máa fi sí i. Ẹ̀wẹ̀, obìnrin wa tí kò ní sọ láéláé pé inú òun bàjẹ́ lè ní máàkì márùn-ún péré, kó sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè kẹsàn-án, tó ń béèrè nípa ikú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròpọ̀ nìkan. Bí ẹnì kan bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an nìyẹn, bí àròpọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ méjì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí orúkọ kíákíá máa ń bò mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ara. Kókó ọrùn tó ń ṣiṣẹ́ jù lè mú kí àyà máa já, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí oorun má sí. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ tó lè mú kí èèyàn wúwo, kó máa ṣe bí ẹni tí ìsoríkọ́ mú. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣúgà tó já wálẹ̀, kòkòrò HIV tó dé ọpọlọ, wárápá tí kì í gbé èèyàn ṣubú, ibà tó wọ orí, igbó àti oògùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu: gbogbo wọn ló lè wọ aṣọ àìsàn ọpọlọ. Olùgbaninímọ̀ràn kì í ṣe dókítà, kò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó lè sọ pé, "Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò yìí." Gbólóhùn kan yẹn ti gba ẹ̀mí là ju orúkọ mẹ́wàá lọ.

Èkejì ni àìsàn bipolar, tí inú èèyàn ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tó bá wà nísàlẹ̀ ló máa ń wá ìmọ̀ràn. Nígbà tó wà lókè, tó ń sun wákàtí méjì lóru, tó ń ra ilẹ̀ tí kò lówó rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí omi òjò, kò mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun. Bí wọ́n bá pe tiẹ̀ ní ìsoríkọ́ lásán, tó sì dé ọ̀dọ̀ dókítà pẹ̀lú orúkọ yẹn, oògùn ìsoríkọ́ nìkan lè tì í sókè lójijì. Ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò sọ bí ọdún tó kọjá ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ìjókòó kan kò tó, ẹnu kan kò sì tó, bí ẹni náà bá ti gbà ká bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Abísínwín ni ibi tí mo ti gbà pé kí orúkọ yára. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wo ọmọ bíi pé kì í ṣe tirẹ̀, ó ń sọ ohun tí kò bára mu. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ ọ́n. Kò sí ìgbaninímọ̀ràn níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ẹ̀mí méjì ló wà nínú ewu.

Ikú sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùgbaninímọ̀ràn ń bẹ̀rù láti béèrè pé, "Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé kí ẹ pa ara yín?" Wọ́n rò pé ìbéèrè ni yóò fi èrò náà sí i lórí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtura ló máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti ń dá a gbé. Ohun tó ń pa ẹnu mọ́ ni òfin àti ìtìjú. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún kọ ẹ̀wọ̀n ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tó gbìyànjú àti pa ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó yí tiẹ̀ padà ní 2011, wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé ìwòsàn. Ibi gbogbo ló yẹ kí òfin ti rí bẹ́ẹ̀, kódà ó yẹ kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Orúkọ kì í dúró lọ́fíìsì. Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi èèyàn 2,040 ní ilẹ̀ Yorùbá léèrè, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2005: 96.5 nínú 100 ló gbà pé eléwu ni ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, 16.9 péré ló sọ pé àwọn lè fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. A ṣì ń wádìí ilé kí a tó fọmọ fún ọkọ; ọ̀rọ̀ kan tó yọ lẹ́nu akọ̀wé ọ́fíìsì lè da ìgbéyàwó rú fún àbúrò tí kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà ni mo fi fara mọ́ àwọn tó ń kọ ohun tí wọ́n rí sínú fáìlì: "kò sùn fún oṣù méjì, ó ń sunkún láàárọ̀, kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́," dípò kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn. Dókítà tó bá ka irú àkọsílẹ̀ yẹn yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ìhà kejì rẹ̀. Ní England, iye ìgbà tí wọ́n ń fi òfin àìsàn ọpọlọ dá èèyàn dúdú mọ́ ilé ìwòsàn lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ìdí rẹ̀ pọ̀, òṣì àti ìdáwà wà níbẹ̀, pípẹ́ kí èèyàn tó rí ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àìgbọ́ra-ẹni-yé náà wà níbẹ̀. DSM 2013 gbìyànjú láti tún un ṣe: ó fi ìbéèrè 16 kan sínú ìwé, tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé kí ni òun fúnra rẹ̀ ń pe ohun tó ń ṣe é, kí ló rò pé ó fà á, ta ni ó sì ti kọ́kọ́ lọ bá. Nínú gbogbo ìwé náà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí Lámbò ti ń ṣe ní Aro láti 1954 nìyẹn, nígbà tó fi aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ wọ̀ sí abúlé, tó sì ń bá àwọn oníṣègùn ṣiṣẹ́.

Àjọṣe yẹn ṣì ṣeé ṣe. Ní 2020, Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde láti Nàìjíríà àti Gánà: níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bá oníṣègùn àti wòlíì tọ́jú aláìsàn pọ̀, àwọn aláìsàn náà sàn ju àwọn tó wà lọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí wòlíì bíi ti tẹ́lẹ̀. N kò sọ pé ká máa gbójú fo ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de aláìsàn. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch fi hàn ní 2019 pé wọ́n ṣì ń de èèyàn mọ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ní ojúbọ àti ní ilé àdúrà ní Nàìjíríà. Olùgbaninímọ̀ràn tó bá mọ̀ pé wọ́n de ẹni tó wá bá òun mọ́lẹ̀, tó dákẹ́, kò yàtọ̀ sí ẹni tó de é.

Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, obìnrin wa sì ṣì ń di báàgì mú. Bí mo bá wà ní ipò ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, n ó bi í pé, "Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ń pè é, mà?" N ó gbọ́ tán. N ó béèrè nípa oorun, oúnjẹ, ọkọ àti owó ilé ìwé. N ó bi í nípa ikú láìfi bọpobọyọ̀. N ó fi í ránṣẹ́ lọ fún àyẹ̀wò ara, n ó sì fún un ní ọjọ́ tí a óò tún rí ara wa. Bí ó bá di ìgbà kejì tàbí ìkẹta, tí èmi àti dókítà sì ti jọ sọ̀rọ̀, a lè wá sọ ọ́ lórúkọ lójú rẹ̀, ní èdè tó gbọ́, pẹ̀lú ohun tí a óò ṣe sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìmọ̀ràn fún ara yín tàbí fún ọmọ yín, ẹ má bẹ̀rù láti bi olùgbaninímọ̀ràn yín: "Dókítà wo ni ẹ máa ń fi èèyàn ránṣẹ́ sí? Ta ni yóò ka ohun tí ẹ kọ nípa mi?" Bí ó bá ti sọ àìsàn yín lórúkọ kó tó dáhùn ìbéèrè méjì yìí, ẹ dìde, ẹ wá ẹlòmíràn.